Télọ̀ Ni Frances Marion, Àbí Òǹkọ̀wé?

Níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wa tó kọjá, díẹ̀ ló kù ká na ara wa. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n wa dìde (mi ò ní dárúkọ wọn, bí wọ́n bá kà á débí wọ́n á mọ̀ pé àwọn ni), wọ́n ní ẹni tó bá ń kọ ìwé eré fún sinimá, kó má pe ara rẹ̀ ní òǹkọ̀wé mọ́. Wọ́n ní télọ̀ ni. Aláṣọ á gbé aṣọ wá, á ní báyìí ni òun ṣe fẹ́ ẹ, télọ̀ á fi téèpù wọ̀n ọ́n, á gé e, á rán an. Bí aláṣọ bá padà dé tó ní òun ò fẹ́ apá gígùn mọ́, télọ̀ á tún gé e kúrú. Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí n má parọ́. Àmọ́ nígbà tí mo dé yàrá mi, ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sùn. Obìnrin kan wà tí mo ti ń wo iṣẹ́ rẹ̀ láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ní ká fa télọ̀ kan yọ láàárín gbogbo télọ̀ tó wà nídìí sinimá, òun ni wọn ì bá kọ́kọ́ nàka sí. Frances Marion lorúkọ rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ò gbọ́ orúkọ náà rí, ẹ má bínú sí ara yín. Èmi náà ò gbọ́ ọ rí tẹ́lẹ̀. Ìsàlẹ̀ ojú ewé kan ni mo ti rí i, lẹ́tà wínníwínní, nínú ìwé tí mo ń kà fún ìdánwò. Wọ́n ní òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó gba Oscar fún iṣẹ́ ìwé kíkọ, ní 1930, àti pé kò pẹ́ tó tún fi gba ẹlẹ́ẹ̀kejì. Mo ní, ẹ̀n-ẹ́n? Ẹni tó gba méjì ni wọ́n há mọ́ ìsàlẹ̀ ojú ewé báyìí?

Ìlú San Francisco ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí i, ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1888. Marion Benson Owens ni wọ́n sọ ọ́. Àwòrán ni iṣẹ́ rẹ̀ kó tó di pé ó bá sinimá pàdé: ó ya àwòrán ìpolówó ọjà, ó ya ti àwọn pátákó tíátà. Ẹ fi ọ̀rọ̀ àwòrán yìí sọ́kàn, a ń padà bọ̀ sórí rẹ̀. Ní 1914, Lois Weber, obìnrin tó ń darí fíìmù nígbà náà, gbà á síṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Bosworth. Wọ́n fi ṣe òṣèré, wọ́n fi ṣe èyí, wọ́n fi ṣe tọ̀hún, níbẹ̀ ló sì ti di Frances Marion. Ilẹ̀kùn sinimá ìgbà yẹn ò tíì ní kọ́kọ́rọ́. Kò tíì sẹ́ni tó mọ bí owó tó ń bọ̀ níbẹ̀ ṣe máa tó, torí náà kò sẹ́ni tó ráyè lé obìnrin síta. Anita Loos wà níbẹ̀, June Mathis wà níbẹ̀, Jeanie MacPherson wà níbẹ̀, gbogbo wọn ń kọ, wọ́n sì ń gbowó. Ìgbà tí owó wá dé tán ni wọ́n rántí kọ́kọ́rọ́.

Ọ̀kan lára ohun àkọ́kọ́ tó kọ tó jọjú, The Foundling, ní 1915, iná ló jó o. Mary Pickford ni wọ́n kọ ọ́ fún, àwọn òbí wa ìgbà sinimá odi mọ orúkọ yẹn dáadáa. Wọ́n ti ya eré náà tán, iná sọ ní sítúdíò ní New York, ó jó o kó tó jáde. Èmi tí kọ̀ǹpútà mi kú lọ́jọ́ kan péré pẹ̀lú ìtàn ojú ewé mẹ́rin nínú, tí mo fi ọ̀sẹ̀ méjì sunkún, mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣe é. Òun lọ bá ilé iṣẹ́ fíìmù mìíràn, World Film, ó ní òun á bá wọn ṣiṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì láìgba kọ́bọ̀, kí wọ́n wò ó bóyá òun mọ̀ ọ́n ṣe. Fíìmù kan wà nílẹ̀ tí wọ́n ti yà tán tó sì ti bàjẹ́ débi pé wọn ò lè gbé e jáde. Ọmọ ọ̀gá ló ṣeré nínú rẹ̀, Alice Brady, ẹ mọ irú ìtìjú tó wà níbẹ̀. Obìnrin yìí kọ orí tuntun sí i, ó kọ ìdí tuntun sí i, ó sọ ọ́ di ẹ̀rín, fíìmù tà. Wọ́n fún un ní igba dọ́là lọ́sẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ pé ẹ ti ń rẹ́rìn-ín níbi tẹ́ ẹ jókòó sí. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó fi gbowó gidi, iṣẹ́ télọ̀ ni. Àkísà ni wọ́n gbé fún un, ó fi dá agbádá. Mo gbà. Kí n tilẹ̀ fi ẹ̀rí kún ẹ̀rí yín: Stella Dallas tó kọ ní 1925, ìwé ìtàn àròsọ Olive Higgins Prouty ni. The Scarlet Letter ti 1926, ti Nathaniel Hawthorne ni. The Wind ti 1928, ti Dorothy Scarborough ni. Anna Christie ti 1930, tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbọ́ ohùn Greta Garbo nínú fíìmù, eré orí ìtàgé Eugene O'Neill ni. Aṣọ ta ni kò rán? Iye ìwé eré rẹ̀ tí wọ́n fi ya fíìmù lé ní ọgọ́rùn-ún dáadáa, aṣọ aláṣọ ló sì pọ̀ jù níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni mo sì ní òǹkọ̀wé ni. Ẹ jẹ́ n sọ ìdí rẹ̀.

Àkọ́kọ́ ná, kí ni òǹkọ̀wé ń kọ nígbà tí ẹnikẹ́ni ò lè sọ̀rọ̀? Sinimá ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, odi ni. Ẹnu òṣèré á máa mì, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n á gbé ìlà ọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta sójú aṣọ kẹ́ ẹ kà á. Torí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu ni òǹkọ̀wé ń kọ. Ohun tí ojú máa rí ló ń kọ, àti èyí tí ojú máa rí tẹ̀ lé e. Ibí ni iṣẹ́ àwòrán tí mo ní kẹ́ ẹ fi sọ́kàn ti wúlò. Ẹni tó ti fọdún gígùn ya pátákó tíátà mọ̀ pé ẹni tó ń kọjá lọ lójú títì ò ní dúró gbọ́ àlàyé. Ìwòye kan péré lo ní, kó o fi mú un lọ́kàn.

Ẹ wo ìparí Stella Dallas. Stella jẹ́ obìnrin tí kò kàwé, tó ń múra àràmàǹdà, tó ń rẹ́rìn-ín sókè láàárín àwọn ọlọ́lá, tí ojú sì ń ti ọmọ rẹ̀ nítorí rẹ̀ láìjẹ́ pé ọmọ náà fẹ́ kó tì í. Ní ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ yìí, Stella ò sí nínú ilé. Ìta ló wà, nínú òjò, ó ń yọjú wo ọmọ rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan tó yẹ kí ẹnikẹ́ni kọ síbẹ̀. Ìyá wà níta, ọmọ wà nínú, gíláàsì wà láàárín wọn, òjò ń rọ̀. Mo ti wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ẹlẹgbẹ́ mi tá a jọ ń gbé yàrá, tó máa ń sọ pé fíìmù tí kò lóhùn jẹ́ ìfìyàjẹni, òun náà dákẹ́ nígbà tó dé ibẹ̀.

Ìkejì ni èyí tí mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n fetí sí jù. Ẹ jẹ́ ká gbé fíìmù mẹ́ta ka iwájú: Stella Dallas tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí, Min and Bill ti 1930, àti The Champ ti 1931. Ọ̀kan jẹ́ ìtàn ìyá tó ń gbé láàárín àwọn olówó. Èkejì jẹ́ ìtàn arúgbó obìnrin kan tó ní ilé èrò kótópó létí omi, láàárín àwọn apẹja àti àwọn ọ̀mùtí. Ẹ̀kẹta jẹ́ ìtàn ọkùnrin kan tó ti jẹ́ akànṣẹ́ ńlá rí, tí ọtí ti wá sọ di yẹ̀yẹ́, òun àti ọmọkùnrin rẹ̀ kékeré. Aṣọ mẹ́ta, àwọ̀ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ẹ tú wọn palẹ̀, kẹ́ ẹ wo inú.

Stella fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ lọ máa gbé pẹ̀lú bàbá rẹ̀ àti ìyàwó tuntun bàbá rẹ̀, níbi tó ti máa dèèyàn. Ọmọ kọ̀, ó ní òun ò ní fi ìyá òun sílẹ̀. Ni Stella bá ṣe bí ẹni tó fẹ́ lọ fẹ́ ọkùnrin ọ̀mùtí kan, bí ẹni tí ọmọ ń dí lọ́wọ́, kí ọmọ lè bínú lọ. Ó lọ.

Min tó ni ilé èrò, ẹlòmíràn ló gbé ọmọ jòjòló sọ́dọ̀ rẹ̀ tó sì sá lọ. Nancy lorúkọ ọmọ náà. Min tọ́ ọ dàgbà. Nígbà tó rí i pé ilé ọtí ò yẹ ọmọbìnrin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í le mọ́ ọn, ó ń jágbe mọ́ ọn, ó lé e lọ sí ibi tó ti máa kàwé. Nancy lọ, ó kàwé, ó rí ọkọ olówó. Ìyá tó bí i wá padà dé, ó rí owó, ó ní òun ń lọ fi ara òun hàn. Min yìnbọn pa á. Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi tó gbé Nancy àti ọkọ rẹ̀ ń ṣí, àwọn ọlọ́pàá ti di Min lápá mú ní èbúté, Min sì dojú kọ ọkọ̀ náà, ó ń wò ó, inú rẹ̀ ń dùn. Àwa tí wọ́n ń kọ́ ní ilé pé ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn, ẹ wá wo Min. Ìdí ọmọ ẹlòmíràn ló so gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ mọ́, ó sì fi ẹ̀wọ̀n kún un.

Champ wà nínú àhámọ́. Ó ti mutí, ó ti ta tẹ́tẹ́, ó ti fi tẹ́tẹ́ sọ ẹṣin tó rà fún ọmọ rẹ̀ nù. Ìyá ọmọ náà ti fẹ́ ọkọ mìíràn, ọlọ́lá, wọ́n ń fẹ́ gba ọmọ. Dink, ọmọ náà, wá bá bàbá rẹ̀ lẹ́nu irin àhámọ́, ó ní òun ò lọ síbì kankan. Champ sọ̀rọ̀ líle sí i, kò lọ. Champ bá gbá a létí. Dink sunkún lọ. Nígbà tó lọ tán, bàbá yìí kọjú sí ògiri, ó fi ọwọ́ tó fi gbá ọmọ náà lu ògiri, ó ń lù ú, ó ń lù ú. Akànṣẹ́ ni o, ọwọ́ yẹn ló fi ń jẹun.

Ṣé ẹ rí i? Ìtàn kan náà ni. Òbí tó ń díbọ́n bí ẹni tí kò fẹ́ ọmọ rẹ̀, kí ọmọ lè lọ síbi tó dára. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta láàárín ọdún mẹ́fà. Télọ̀ wo ló ń fi irú okùn kan náà sínú gbogbo aṣọ tí aláṣọ bá gbé wá?

Mo gbọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n máa sọ. Wọ́n á ní, ìwọ ọmọdébìnrin yìí, ṣé Olive Higgins Prouty kọ́ ló ni okùn yẹn? Inú ìwé Prouty ti 1923 ló ti wà. Òótọ́ ni, mi ò sì ní fi pamọ́. Min and Bill náà, ìwé ẹlòmíràn ló ti wá, Dark Star tí Lorna Moon kọ. Ọ̀rẹ́ Frances Marion ni Lorna Moon, ikọ́ ẹ̀gbẹ ló ń ṣe é. Frances Marion ló sún àwọn ọ̀gá MGM kí wọ́n ra ìwé náà, kí owó lè wà fún ìtọ́jú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ka ìwé Lorna Moon, ìtàn orílẹ̀-èdè Scotland ni, á wá Min títí kò ní rí i níbẹ̀. Inú orí Frances Marion ni Min ti wá, Marie Dressler ló sì dá a fún. Ìyẹn náà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, arúgbó òṣèré tí ayé ti gbàgbé. Frances Marion ló ń kọ ipò fún un láti 1927, títí Dressler fi gba Oscar nídìí Min and Bill. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní obìnrin ò lè fẹ́ràn ara wọn, ẹ wá gbọ́.)

The Champ ló wá parí ọ̀rọ̀ fún mi. Ìyẹn kì í ṣe aṣọ aláṣọ. Òun ló hun ún fúnra rẹ̀, ìtàn yẹn ló fi gba Oscar ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ẹ wá wo ohun tó fi okùn Prouty ṣe nígbà tí kò sí aláṣọ lórí rẹ̀. Nínú Stella Dallas, ẹ̀ṣẹ̀ ìyá ò tó nǹkan. Ẹ̀rín rẹ̀ pariwo jù, aṣọ rẹ̀ ń dán jù, ìyẹn ni. Ayé ló jẹ̀bi. Ẹ̀ṣẹ̀ Champ, ẹ̀ṣẹ̀ gidi ni. Ọmọ ọdún mélòó kan ló ń bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ bàbá tó mutí yó, tó ń tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ yẹn ni bàbá, bàbá ni ọmọ. Torí náà, nígbà tí Champ bá ní kí ọmọ lọ, èmi tí mò ń wò ó ò mọ ohun tó yẹ kí n máa fẹ́. Ó yẹ kí ọmọ náà lọ! Bẹ́ẹ̀ ni mi ò fẹ́ kó lọ.

Ọmọ náà sì padà. Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyẹn. Ọmọ Stella gba irọ́ ìyá rẹ̀ gbọ́. Nancy náà lọ, kò mọ ohun tí wọ́n fi rà á. Dink ò gbà. Ó sá kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ó padà wá bá ọ̀mùtí rẹ̀. Òbí ń ṣe ìrúbọ, ọmọ ní òun ò jẹ nínú ẹbọ yẹn. Bàbá wá kànṣẹ́ ìkẹyìn, ó borí, ó kú. Ẹni tó kọ ìyá lójú fèrèsé ní 1925 ti ronú lé e lórí fún ọdún mẹ́fà, ó wá bi ara rẹ̀ léèrè pé, ọmọ ńkọ́? Ta ló bèèrè lọ́wọ́ ọmọ? Ẹni tó bá ń bá ìbéèrè kan fà á láti iṣẹ́ kan dé iṣẹ́ kejì báyìí, mi ò mọ orúkọ mìíràn tí mo lè pè é ju òǹkọ̀wé lọ.

Kò túmọ̀ sí pé gbogbo ohun tó kọ ló dáa o. Ó darí fíìmù mélòó kan fúnra rẹ̀. Mo wo The Love Light ti 1921, èyí tí Mary Pickford ti ń ṣe olùtọ́jú iná àmì fáwọn ọkọ̀ ojú omi létí òkun Italy. Ìtàn mẹ́ta ni wọ́n rọ́ sínú fíìmù kan, nígbà tó máa fi parí, ó ti rẹ mí ju ọkọ̀ tó rì lọ. The Callahans and the Murphys ti 1927 ńkọ́? Àwọn ará Ireland tó wà ní Amẹ́ríkà ló fi ṣe ẹlẹ́yà níbẹ̀, ọ̀mùtí àti alárìíwo ni gbogbo wọn. Àwọn ará Ireland yarí, wọ́n fi ẹ̀hónú hàn, MGM kó fíìmù náà kúrò nílẹ̀. Àwọn kan máa ń dárúkọ rẹ̀ bí ẹni tí ìyà jẹ lórí èyí. Èmi ò kà á sí ìyà. Bó ṣe jẹ́ ọ̀rẹ́ aláìní tó nínú Min and Bill, ẹ̀rín pọ́ọ́kú ló fi wọ́n pa níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ n wá dé ibi tó ń dùn mí, torí kì í ṣe tìtorí Frances Marion nìkan ni mo ṣe ń kọ èyí.

Lọ́dún tó kọjá, mo kọ eré kan. Àwọn tó wò ó nínú yín rántí. Ní ojú ewé tó gbẹ̀yìn nínú èyí tí mo kọ, ìyá nínú eré náà di ẹrù rẹ̀, ó jáde, ilẹ̀kùn sì wà ní ṣíṣí. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe eré náà, mo jókòó sẹ́yìn, mo ń dúró de ilẹ̀kùn yẹn. Ìyá náà dé ẹnu ọ̀nà, ó gbé ẹrù kalẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó bẹ ọkọ rẹ̀. Ẹni tó darí eré náà ti yí i padà, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi. Àwọn èèyàn dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́. Àtẹ́wọ́ yẹn ló dùn mí jù. Ká ní wọ́n ti hó lé e lórí ni, ara ì bá tù mí.

Ìdí nìyí tí mo fi ń wo The Wind bí ẹni ń wo ọgbẹ́. Letty, ọmọbìnrin kan láti Virginia, lọ sí aginjù Texas níbi tí afẹ́fẹ́ kì í ti í sinmi. Iyanrìn wọ oúnjẹ, iyanrìn wọ bẹ́ẹ̀dì, iyanrìn wọ orí Letty. Nínú aginjù Mojave ni wọ́n ti yà á, ooru ń pa wọ́n, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n fi ń fẹ́ iyanrìn náà lu Lillian Gish. Ọkùnrin kan wá bá Letty nínú ilé lálẹ́, ó fipá mú un. Letty yìnbọn fún un, ó sin ín sínú iyanrìn. Afẹ́fẹ́ wá ń hú òkú náà jáde díẹ̀díẹ̀, ó ń wò ó láti ojú fèrèsé. (Fèrèsé lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ kíyè sí i.) Nínú ìwé Scarborough, Letty ya wèrè, ó jáde wọ inú afẹ́fẹ́ lọ kú. Nínú fíìmù, ọkọ rẹ̀ padà dé, Letty ní òun ò bẹ̀rù afẹ́fẹ́ mọ́, wọ́n dìmọ́ra. Lillian Gish sọ ọ́ títí ó fi darúgbó pé àwọn ọ̀gá ló fipá yí ìparí náà. Àwọn onímọ̀ kan ń jiyàn sí i. Ọ̀rọ̀ ta ni ká gbà?

Nígbà tí mo kọ́kọ́ wò ó, mo ta kọ̀ǹpútà pa. Mo rí ìyá tèmi tó kúnlẹ̀. Nígbà kejì mo fi agídí wò ó. Ìgbà kẹta ni mo rí ohun tí mi ò rí tẹ́lẹ̀: ilẹ̀kùn. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, àwọn méjèèjì dúró lẹ́nu ọ̀nà, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lù wọ́n, Letty na ọwọ́ sí i. Obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa èèyàn, tó fọwọ́ ara rẹ̀ sin ín, tó wá ní ẹ̀rù ò ba òun mọ́. Ṣé ayọ̀ nìyẹn? Bí aláṣọ bá ní kó o gé apá aṣọ kúrú, o ṣì lè gé e kó jẹ́ pé bó bá ti wọ̀ ọ́, òtútù á máa mú un. Mi ò mọ̀ bóyá ẹni tó kọ ọ́ ló rò ó bẹ́ẹ̀ tàbí Victor Sjöström tó darí rẹ̀. Ohun tó wà lójú aṣọ ni mò ń wí.

Ìyẹn ò sì ní kí n sọ pé kò sígbà tí ìgékúrú ba aṣọ jẹ́. The Big House, fíìmù ẹ̀wọ̀n tó fi gba Oscar àkọ́kọ́, wọ́n gé e, ó sì hàn. Ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n San Quentin kó tó kọ ọ́, ó lọ wo bí wọ́n ṣe ń jẹun, bí wọ́n ṣe ń rìn. Ìdí nìyẹn tí ìdajì àkọ́kọ́ fi rí bẹ́ẹ̀: ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fi ọtí wa mọ́tò pa èèyàn, wọ́n jù ú sínú yàrá kan náà pẹ̀lú apààyàn àti olè, ọgbà kún àkúnya, ẹsẹ̀ àwọn ẹlẹ́wọ̀n ń dún lórí sìmẹ́ǹtì. Ohùn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé inú fíìmù nígbà náà, ẹni tó sì ti kọ sinimá odi fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mọ̀ pé ìró ẹsẹ̀ sàn ju ìwàásù lọ. Bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ yà á, ẹlẹ́wọ̀n tó sá jáde lọ nífẹ̀ẹ́ ìyàwó ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn. Wọ́n gbé e fún àwọn òǹwòran kan wò, inú wọn ò dùn sí i. Wọ́n padà lọ yà á, ìyàwó di ọmọ ìyá. Láti ibẹ̀ ni ìtàn ìfẹ́ náà ti di omi tútù. Ẹ̀gbọ́n, níbí, mo gbà fún yín. Aláṣọ dé, ó ní òun ò fẹ́ apá gígùn.

Àmọ́ kò jókòó kó máa gé apá aṣọ kiri títí ayé. Ní 1933, nígbà tí àwọn sítúdíò ní kí owó oṣù gbogbo èèyàn wá sílẹ̀, tí àwọn òǹkọ̀wé sì tún ẹgbẹ́ wọn dá sílẹ̀, Screen Writers Guild, òun ni igbákejì ààrẹ. Ẹ rántí pé ó wà lára àwọn tí owó wọn ga jù lọ nídìí iṣẹ́ náà. Kì í ṣe òun ni ebi ń pa. Irving Thalberg, ọ̀gá tó máa ń gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu ní MGM, kú ní 1936, agbára rẹ̀ sì ń dín kù láti ìgbà náà. Ní 1937 ó kọ ìwé ìkọ́ni kan lórí bí èèyàn ṣe ń kọ ìtàn fíìmù tí á sì tà á. Ní 1946 ó fi MGM sílẹ̀ pátápátá. Amọ̀ ló lọ ń fọwọ́ mọ, ère ló ń ṣe, ó sì ń kọ ìwé ìtàn àròsọ. Ní 1972 ó gbé ìwé ìgbésí ayé rẹ̀ jáde, ó kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Ohun tí mo máa ń rò ni ọwọ́ yẹn lórí amọ̀. Bóyá mò ń sọ ọ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ dárí jì mí. Ère tí o bá mọ, kò sí ọ̀gá tó máa ní kí o sọ ìyàwó rẹ̀ di ọmọ ìyá.

Ní tèmi, mo ti mú eré ọdún tó kọjá jáde nínú àpótí. Mo ń tún un kọ. Ìyá náà ṣì ń jáde, mi ò yí ìyẹn padà. Ọmọ rẹ̀ ni mi ò ronú kàn tẹ́lẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ tó jókòó sí igun tí kò sọ nǹkan kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ti ń sọ̀rọ̀ báyìí, mi ò sì tíì mọ ibi tó ń lọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, a máa wo The Champ ní yàrá tá a ti máa ń ṣe ìpàdé, bí iná bá wà. Bí kò bá sí, ẹ dá owó epo jẹnẹrétọ̀ dání. Ẹ̀gbọ́n, ìjókòó iwájú ni mo fi pamọ́ fún yín.